Ọjọ́ Tí Ọjà Kò Tà: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíka Ọjọ́ Nínú Dátábéèsì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin oníṣirò owó tí ẹ gba orí afárá wá láti Erékùṣù Èkó kí ẹ lè bá wa jókòó ní Yábà níbí, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn lẹ́nu, àmọ́ inú rẹ̀ jìn. Bí àkọsílẹ̀ ọjà títà bá wà nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ sí, tí ọ̀gá wa sì ní kí a mú iye tí a tà lójoojúmọ́ wá, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí, báwo ni a ó ṣe gba inú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn kọjá tí a kò ní fo ọ̀kan, tí a kò ní ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, tí a kò sì ní di ẹrù tí kò yẹ lé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé dátábéèsì náà dání, lórí?

Mo fẹ́ sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń fi lúùpù, ìyẹn àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra, ṣe lórí ọjọ́, kò yẹ kí lúùpù wà níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó di dátà: kí a to àwọn ọjọ́ sínú tábìlì gẹ́gẹ́ bí a ṣe to ọjà sínú tábìlì, kí dátábéèsì sì so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ibi díẹ̀ wà tí lúùpù ti yẹ, n ó sì dé ibẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ aláṣọ kan ní ọjà Balógun ṣe àpẹẹrẹ. Àǹkárá àti léèsì ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lórí káńtà sì ń kọ gbogbo owó tó bá wọlé sínú tábìlì kan tí a pè ní tita. Nínú àwọn òpó tábìlì yìí, méjì ló kàn wá jù: owo, ìyẹn iye tí oníbàárà san, àti akoko, ìyẹn ìgbà tí ó san án, tí ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá wà nínú rẹ̀. Ìyá tó ni ìsọ̀ fẹ́ mọ iye tí wọ́n tà lójoojúmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tó mọ èdè kọ̀ǹpútà bíi Python tàbí PHP ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ó bi dátábéèsì pé èló ni a tà lọ́jọ́ náà, kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ọjọ́ kan kún un, kí ó tún béèrè, títí oṣù yóò fi parí. Ìbéèrè 31 nìyẹn. Bí ìyá bá wá ní òun fẹ́ rí gbogbo ọdún, ó di 365. Ẹ kò ní rí ìṣòro kankan níwọ̀n ìgbà tí dátábéèsì bá wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín, torí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ débi tí èèyàn yóò fura. Ṣùgbọ́n sáfà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ sì ní láti gba okùn abẹ́ òkun lọ kí ó tó gbà á bọ̀. Bí àlọ àti àbọ̀ ìbéèrè kan bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbéèrè 365 yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 36 àti ààbọ̀ lójú ọ̀nà nìkan, kí a tó ka iṣẹ́ tí dátábéèsì fúnra rẹ̀ ṣe.

Àléébù kejì burú ju ìdádúró lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọjà kò dúró de lúùpù. Bí akọ̀wé bá rí i pé òun ṣi ọjọ́ kan kọ, tí ó sì gbé owó kan kúrò ní ọjọ́ 20 lọ sí ọjọ́ 3 tó jẹ́ ọjọ́ rẹ̀ gan-an, tí èyí sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí lúùpù ti kọjá ọjọ́ 3 ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ọjọ́ 20, owó yẹn kò ní hàn níbì kankan nínú ìròyìn wa. Ní PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn dátábéèsì tí a ń lò, ìbéèrè kan ṣoṣo máa ń wo dátà bó ṣe wà ní àkókò tí ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bó pẹ́ bó yá, gbogbo ọjọ́ tó kà ni ó rí ní ipò kan náà. Ìbéèrè 31 lè bá dátà ní ipò 31 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì wá ro wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ìgbà kan náà ni a rí gbogbo wọn.

Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yóò sọ pé GROUP BY, àṣẹ tó ń kó àwọn ìlà ọjọ́ kan náà jọ, ló yẹ ká lò, wọn ò sì jẹ̀bi: ìbéèrè kan, gbogbo ọjọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú 4 ló wà nínú oṣù kìíní ọdún 2025, ìsọ̀ yìí kì í sì ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ ká gbà pé wọn kò ṣí lọ́jọ́ ọdún tuntun náà. Ìlà 26 ni GROUP BY yóò kó wá, kì í ṣe 31. Dátábéèsì kò purọ́, torí kò sí ìlà kankan nínú tita fún ọjọ́ 5 wọ̀nyẹn, kò sì sí bó ṣe lè ṣe àpapọ̀ ohun tí a kò kọ sílẹ̀ fún un. Síbẹ̀, bí a bá fi ìlà 26 yẹn ya àwòrán bí ọjà ṣe ń lọ sókè sódò, ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò lẹ̀ mọ́ ọjọ́ Ajé bí ẹni pé kò sí ọjọ́ kankan láàárín wọn. Bí a bá sì fẹ́ mọ iye tí ọjọ́ kan ń mú wá, a ó pín àpapọ̀ owó sí 26 láìmọ̀. Ó lè jẹ́ 26 gan-an ni ìyá ń fẹ́, kí ó lè mọ bí ọjà ṣe ń tà nígbà tí wọ́n bá ṣí. Ó sì lè jẹ́ 31, nítorí owó ìsọ̀ kì í sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Òun ló yẹ kó yàn. Kò yẹ kí ìlà tí kò wá bá a yàn án.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mú àwọn ọjọ́ wá fúnra wa, kí a sì gbé ọjà lé wọn lórí. PostgreSQL ní iṣẹ́ kan tí a ń pè ní generate_series tó ń to ọjọ́ jáde bí ìlà tábìlì:

SELECT k.ojo, COALESCE(SUM(t.owo), 0) AS apapo
FROM generate_series(DATE '2025-01-01', DATE '2025-01-31', INTERVAL '1 day') AS k(ojo)
LEFT JOIN tita t
  ON t.akoko >= k.ojo
  AND t.akoko < k.ojo + INTERVAL '1 day'
GROUP BY k.ojo
ORDER BY k.ojo;

LEFT JOIN ń jẹ́ kí gbogbo ọjọ́ wà níbẹ̀, yálà ọjà wà tàbí kò sí, COALESCE sì ń fi òdo dípò òfìfo. Ìlà 31 ni yóò jáde, òdo yóò sì wà níwájú ọjọ́ tí a kò ta nǹkan kan. Àwọn tó ń lo MySQL lè to ọjọ́ bákan náà pẹ̀lú WITH RECURSIVE, ìbéèrè tó ń pe ara rẹ̀ léraléra, láti ẹ̀dà 8.0, SQL Server náà sì ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ààlà tí wọ́n fi sí i: bí ẹ kò bá yí i padà, SQL Server yóò dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn àtúnpè 100, MySQL lẹ́yìn 1000. Ẹni tó dán ìbéèrè rẹ̀ wò lórí oṣù 3 péré kò ní rí ààlà ti SQL Server, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó mú ti ọdún kan wá.

Ibi méjì ni LEFT JOIN yìí ti ń da àwọn èèyàn. Bí ìyá bá ní òun fẹ́ ti léèsì nìkan, tí a sì kọ ọ́ sábẹ́ WHERE, tó ń yọ ìlà kúrò lẹ́yìn ìsopọ̀, pé t.iru, òpó tó ń sọ irú aṣọ, gbọ́dọ̀ jẹ́ léèsì, gbogbo ọjọ́ tí kò sí ọjà yóò tún pòórá, nítorí t.iru ṣófo lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, òfìfo kò sì lè bá léèsì dọ́gba. Inú ON, níbi tí a ti ń sọ bí tábìlì méjèèjì ṣe so pọ̀, ló yẹ kí ọ̀rọ̀ léèsì wà. Èkejì ni pé bí a bá fẹ́ ka iye ìgbà tí a tà, tí a sì lo COUNT(*), ọjọ́ Àìkú yóò ní ọjà 1, torí ìlà òfìfo tí LEFT JOIN mú wá náà jẹ́ ìlà lójú COUNT(*). Òpó kan láti inú tita ni kí ẹ kà, kí òfìfo má baà wọ iye.

Fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ìròyìn yìí lójoojúmọ́, èmi a máa dámọ̀ràn tábìlì kàlẹ́ńdà gidi dípò kí a máa ṣẹ̀dá ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá béèrè. Kò gbé àyè: ọdún 20 kò ju ìlà 7,305 lọ. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé a lè kọ ohun tí ìṣirò kò lè mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Àjíǹde ṣeé ṣírò sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ìsinmi Ìtùnú Ààwẹ̀ àti ti Iléyá ń tẹ̀ lé òṣùpá, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń kéde wọn nígbà tó bá kù díẹ̀. Ènìyàn ní láti ṣí tábìlì kí ó sì kọ ọ́ sí i. Kò sí generate_series tó mọ ọjọ́ tí Balógun kò ní ná nítorí ọdún.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ẹnu ààlà, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Nígbà tí àwọn baba wa bá ní ọjà kan jẹ́ ọjà ọrún, ọjọ́ tí wọ́n ń ná an lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, wọn a sì ka ọjọ́ tí wọn yóò tún ná an mọ́ ọn. Bí a bá ná an lọ́jọ́ 1, ọjọ́ 5 ni a tún ná an, lẹ́yìn náà ọjọ́ 9, lẹ́yìn náà ọjọ́ 13. Márùn-ún ni a kà, àmọ́ ọjọ́ 4 ló wà láti ọjà kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpàdé ìtàdógún ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 16. Ọ̀nà kíkà yìí péye, àwọn tó ń lò ó kì í sì í ṣì í, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ọjọ́ 5 ni ìparí ti àkọ́kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ ro owó láti ọjọ́ 1 dé 5, kí ó tún ro ó láti ọjọ́ 5 dé 9, kí ó wá pa méjèèjì pọ̀, owó ọjọ́ 5 yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà kíkà ọjà ọrún yìí gan-an ni BETWEEN ń lò nínú SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀: orí wà nínú, ìdí wà nínú. Bí òpó yín bá jẹ́ ọjọ́ lásán tí kò ní wákàtí, BETWEEN kò burú, ó tilẹ̀ rọrùn kà. Bí wákàtí bá ti wọ inú rẹ̀, ewu dé. Ẹ kọ ọ́ pé akoko wà BETWEEN '2025-01-01' AND '2025-01-31', dátábéèsì yóò sì gbà pé agogo 12 òru tí ọjọ́ 31 bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ń sọ. Ọjà tí wọ́n tà ní agogo 10 àárọ̀ ọjọ́ 31 ti bọ́ síta. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ yẹn, ìparí oṣù, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti gba owó; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ọjà tà jù, òun gan-an ni ìròyìn wa sì máa sọ nù.

Àtúnṣe tí mo sábà ń rí ni pé wọ́n á kọ ìparí rẹ̀ sí agogo 23:59:59. Ìyẹn ń fi ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn sílẹ̀ láàbọ̀: owó tó wọlé ní 23:59:59.4 kò sí nínú oṣù kìíní, kò sì sí nínú oṣù kejì. Ẹlòmíràn yóò fi .999 kún un, ṣùgbọ́n irú àkókò tí SQL Server ń pè ní datetime kò lè di .999 mú, yóò sún un sókè di agogo 12 òru ọjọ́ kejì, yóò sì fa ọjà oṣù tó tẹ̀ lé e wọlé. Kò sí iye 9 tí a lè tò tí yóò wo èyí sàn.

Ohun tó ń wò ó sàn ni èyí tó wà nínú ìbéèrè tí mo kọ sókè: kí ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú, kí ìparí wà níta. Akoko tóbi ju ọjọ́ 1 oṣù kìíní lọ tàbí ó bá a dọ́gba, akoko kéré sí ọjọ́ 1 oṣù kejì. A kò ní láti mọ̀ bóyá oṣù náà ní ọjọ́ 28 tàbí 31, a kò sì ní láti mọ iye ìdá tí dátábéèsì ń pín ìṣẹ́jú àáyá sí. Ní ọdún 1982, Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi ọwọ́ kọ ìwé kékeré kan tó fi gbè sẹ́yìn irú ọ̀nà kíkà yìí lórí nọ́ńbà. Àǹfààní méjì tó tọ́ka sí wúlò fún ọjọ́ bákan náà: bí a bá yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ìparí, iye tó wà láàárín wọn gan-an ni yóò ṣẹ́kù, láìsí pé à ń fi ọ̀kan kún un, ibi tí apá kan sì parí sí náà ni apá kejì ti bẹ̀rẹ̀, láìsí àlàfo, láìsí ìkọlura. PostgreSQL gba èyí débi pé bí ẹ bá fún un ní daterange, ìyẹn àkójọ ọjọ́ láti ibì kan dé ibì kan, tó ka ìparí mọ́ ọn, yóò tún un kọ sí èyí tí ìparí rẹ̀ wà níta kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, generate_series tirẹ̀ ń ka ìparí mọ́ ọn, nígbà tí range ti Python kì í kà á. Ẹ máa wo ìwé ìlànà irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí n fi èyí kún un kíákíá: ẹ má ṣe kọ DATE(akoko) = '2025-01-31' lórí tábìlì ńlá. Ó ń dáhùn bó ṣe yẹ, àmọ́ bí ẹ bá ti wé òpó mọ́ inú iṣẹ́ mìíràn, atọ́ka tí ẹ ṣe sórí akoko, èyí tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ìlà, kò ní wúlò fún un mọ́, yóò sì ka gbogbo tábìlì láti òkè délẹ̀.

Ọjọ́ ta ni à ń kà? Aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago àjọlò gbogbo àgbáyé, ọ̀pọ̀ sáfà sì ń fi UTC kọ àkókò. Ọjọ́ kìíní ọdún 2025 ní Èkó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí UTC ṣì wà ní agogo 23:00 ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024. Ìsọ̀ Balógun lè má rí ìyàtọ̀ rẹ̀, torí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn nígbà yẹn. Ẹni tó ń ta oúnjẹ lóru, tàbí tí àwọn èèyàn ń fi owó ránṣẹ́ sí lórí fóònù lẹ́yìn agogo 12, yóò rí i dáadáa, nítorí ọjà wákàtí kan yóò máa bọ́ sí ọjọ́ àná ní gbogbo ìgbà. Africa/Lagos ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà mọ aago wa sí, inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ni mo ti rí i pé ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni Èkó bọ́ sórí wákàtí kan yìí. Láti ọdún 1914 títí di ìgbà náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni aago wa fi ṣáájú. A kì í yí aago síwá sẹ́yìn bí àwọn ará London, ìyẹn sì jẹ́ ìtura fún wa, ṣùgbọ́n bí ìyá wa bá ní ìsọ̀ kejì ní Peckham ní London, kí ó mọ̀ pé ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2025 ní wákàtí 23 níbẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá sì ní 25. Lúùpù tó ń fi wákàtí 24 kún àkókò dípò kó fi ọjọ́ kan kún un yóò yẹ̀ kúrò ní agogo 12 òru lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní padà sí i títí aago yóò tún fi yí.

Oṣù ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi oṣù kan kún ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2025 nínú PostgreSQL, ọjọ́ 28 oṣù kejì ni yóò fún yín. Ẹ tún fi oṣù kan kún èyí tó fún yín, ọjọ́ 28 oṣù kẹta ni, ọjọ́ 31 ti lọ pátápátá. Ìṣirò owó tí a ń san ní ìparí oṣù kò gbọdọ̀ gba irú èyí láyè. JavaScript burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá kàn yí oṣù ọjọ́ 31 yẹn sí oṣù kejì, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni yóò já sí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ má ṣe ka oṣù láti orí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Láti orí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ máa kà á nígbà gbogbo, kí ẹ fi oṣù 1 kún un, kí ẹ fi oṣù 2 kún un, kí ẹ fi oṣù 3 kún un. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní pẹ̀lú oṣù 2 jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta, bó ṣe yẹ.

Mo ṣèlérí pé n ó dé ibi tí lúùpù ti yẹ. Iṣẹ́ tó ń yí dátà padà lọ́pọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń béèrè. Ká ní tita ti kún fún ọjà ọdún 10, tí a sì fẹ́ kó àwọn ti àtijọ́ lọ sí tábìlì mìíràn kí a tó pa wọ́n rẹ́ níbí. Bí a bá fi àṣẹ kan ṣoṣo ṣe é, yóò ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà pa fún àkókò gígùn, bí ó bá sì já láàárín, gbogbo ohun tó ti ṣe ni yóò dà nù. Níbí, ó tọ́ kí a gé e sí oṣooṣù, kí oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ kan tó parí fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ààlà tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú tí ìparí rẹ̀ wà níta. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun tó ju ẹyọ kan lọ já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ ilé-ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ní Èkó sì wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró ṣinṣin. Lúùpù tó bá ń bá sáfà tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò já, kò sí àní-àní. Ohun tó yẹ ká ti ṣe sílẹ̀ ni tábìlì kékeré kan tó ń tọ́jú ọjọ́ tí apá tó kàn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ ọjọ́ náà sínú rẹ̀ nínú ìdúnàádúrà (transaction) kan náà, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó ń ṣẹ pọ̀ tàbí tí kò ṣẹ rárá, tó kó ọjà lọ. Bí a bá kọ ọ́ ṣáájú, oṣù kan lè fò; bí a bá kọ ọ́ lẹ́yìn, oṣù kan lè lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má sì ṣe rò pé oṣù ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọjà oṣù kejìlá ní Balógun kò bá ti oṣù kejì dọ́gba rárá, apá tí a fi oṣù gé lè kéré lónìí kó sì tóbi jù lọ́la. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oṣù, n ó wo iye ìlà tó wà nínú èyí tó wúwo jù, bí ó bá sì ti ń dí àwọn tó ń tajà lọ́wọ́, n ó gé e sí ọ̀sẹ̀, tàbí sí ọjọ́, láìyí ohun mìíràn padà nínú lúùpù, nítorí tábìlì kékeré yẹn kò bìkítà bóyá ọjọ́ kan tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó fi jìnnà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀.